Okonomiyaki: Ti Osaka ni àbí ti Hiroshima?
Okonomiyaki ni oúnjẹ pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun àti kábéèjì tí wọ́n ń dín lórí irin gbígbóná. Ìlú méjèèjì yìí ní Jàpáànù ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yàtọ̀. Ní Osaka, wọ́n á po ìyẹ̀fun, ẹyin àti kábéèjì pọ̀ kí wọ́n tó dà á sórí irin gbígbóná. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, orí tábìlì yín gan-an ni irin náà wà, àwọn ọmọ sì lè yí i padà fúnra wọn. Ẹ ṣáà máa ṣọ́ ọwọ́ wọn o!

Ti Hiroshima, títò ni: ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, kábéèjì rẹpẹtẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, núdùùsì, ẹyin. Alásè ló ń tò ó, ẹ̀yin á kàn máa wòran. Núdùùsì yẹn ló jẹ́ kó máa yóni jù. Bí ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀, Osaka ni mo fara mọ́.

Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó tètè sọ níbi méjèèjì.