Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀ka níbi iṣẹ́ mi

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀, ìwé ńlá kan la máa ń fọwọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kan ẹ̀rọ ìtẹ̀ka mọ́ ògiri, wọ́n ní ẹni tó bá pẹ́, owó rẹ̀ á dín. Ohun tí wọ́n bá wa sọ ò ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ó yára gan-an: o gbéka lé e, ó dún, orúkọ rẹ yọ. Àwọn tó máa ń bá ọ̀rẹ́ wọn fọwọ́ síwèé ò rí i ṣe mọ́, inú èmi tí mò ń dé kí aago mẹ́fà tó lù sì dùn sí i.

Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ niṣẹ́ wa. Ìyẹ̀fun máa ń bo ojú ìka. Màmá tó ń fọ páànù fún wa, ọṣẹ àti omi gbígbóná ti jẹ ìlà ọwọ́ wọn tán. Wọ́n á tẹ ọ̀tún, wọ́n á tẹ òsì, ẹ̀rọ á ní òun ò mọ̀ wọ́n. Lóṣù kejì, ilé iṣẹ́ yọ owó ọjọ́ mẹ́rin nínú owó oṣù Màmá, ọjọ́ mẹ́rin tí a jọ jẹun ọ̀sán! Nígbà tí wọ́n lọ rojọ́, ọ̀gá ní ẹ̀rọ kì í parọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí irú ẹ̀ ló kó bá àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ nílùú Ọba láàárín 1999 sí 2015. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Horizon ní owó ò pé, wọ́n gbà á gbọ́ ju èèyàn lọ, wọ́n sì dá àwọn tó lé ní 900 lẹ́bi. Inú Horizon gan-an ni àṣìṣe wà. Tiwa náà ṣì í: iná lọ fún ọjọ́ méjì, bátìrì inú rẹ̀ kú, ìgbà tó jí, aago rẹ̀ ti fi 20 ìṣẹ́jú yá ju fóònù gbogbo wa lọ. Gbogbo wa la "pẹ́" lọ́jọ́ náà.

Oṣù karùn-ún lara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tù wá. Obìnrin tó ń ṣírò owó oṣù ń tẹ àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá rí ohun tí kò tọ́ ní àyè títí di ọjọ́ Ajé láti sọ ọ́. Màmá gba nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ dípò ìka, owó wọn sì padà. Èmi náà dúró síbẹ̀, mo ka tèmi látòkè délẹ̀, ọjọ́ kan ò sọnù. Ìgbà yẹn ni mo tó gba ẹ̀rọ náà gbọ́.

Ó ku ohun kan. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ìtẹ̀ka mọ́ ohun tó nílò ààbò pàtàkì, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́ta tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, orúkọ wọn ṣì wà lórí ẹ̀rọ wa. Mo ti béèrè ìgbà tí wọ́n máa pa á rẹ́, mi ò tíì rí èsì.

Mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e wá síbi iṣẹ́ yín, ẹ béèrè ibi tí ẹ ti máa rí àkọsílẹ̀ yín kí ẹ tó gbéka lé e.