Èdè Jámánì ni mo kà ní yunifásítì fọ́dún mẹ́rin, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sì sọ ibi tí ìkarùn-ún gbà lọ. Yunifásítì ìjọba kan ní Amẹ́ríkà ni mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èdè Jámánì àti àṣà wọn ni kọ́ọ̀sì mi gangan, nígbà tó di ọdún kejì mo fi kọ̀ǹpútà kún un. Ọjọ́ tí mo pe mọ́mì mi tí mo sọ fún wọn pé German ni mo fẹ́ kà, wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, wọ́n wá ní "ṣé Jámánì lo fẹ́ máa gbé ni?" Mo ní rárá mà. Wọ́n ní "kí lo wá fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè yẹn làwọn èèyàn ṣì ń bi mí títí dòní, òun ni mo ṣe jókòó kọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le. Àwa, "ó" la ń lò fún ọkùnrin, "ó" fún obìnrin, "ó" fún ewúrẹ́, "ó" fún àga, wàhálà tán. Jámánì ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní der, die tàbí das tiẹ̀, tábìlì jẹ́ akọ, lámpù jẹ́ abo, ìwé ò sí nínú méjèèjì, ọmọdébìnrin pàápàá das ni wọ́n fi ń pè é, kó o sì tó lanu o ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá nǹkan yẹn ló ń ṣe ẹlòmíì ni àbí òun ni wọ́n ń ṣe, torí der yẹn lè di den, ó lè di dem, ó lè di des. Ọdún kan gbáko ni mo fi há a sórí. Mo gé páálí kéékèèké, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i, búlúù fún der, pupa fún die, àwọ̀ ewé fún das, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì, mọ́ ilẹ̀kùn, mọ́ dígí ilé ìwẹ̀. Mi ò rí ọgbọ́n míì tó jù ú lọ.

Àmọ́ ohun tẹ́nì kankan ò sọ fún mi rèé. Ní sẹ́mẹ́sítà kejì, tíṣà wa mú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan wá tí wọ́n máa ń là sí méjì, apá kan á dúró níwájú, apá kejì á lọ jókòó sí ìparí gbólóhùn, àwọn oyìnbó inú kíláàsì ò rí ibi tó ti wá rárá. Tíṣà kọ kaputtmachen sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ àpẹẹrẹ sábẹ́ ẹ̀, Er macht das Radio kaputt. Mo wò ó, mo ní háà, bàjẹ́ rèé! Ó ba rédíò náà jẹ́. "Ba" níwájú, "jẹ́" lẹ́yìn, rédíò láàárín. Nǹkan tá à ń sọ látìgbà tí wọ́n ti bí wa! Ó tàn mí jẹ, gbà mí gbọ́, yí i padà, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ẹ̀. Mo nawọ́, tíṣà ní kí n jáde wá kọ ọ́, mo kọ ọ́ tòun ti àmì ohùn ẹ̀, àwọn kan fi fóònù yà á. Àtọjọ́ yẹn ni mi ò ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Jámánì mọ́, Yorùbá ni mo fi ń wò ó.

Ọ̀wọ̀ náà ńkọ́? Du ni fún ọ̀rẹ́, ẹbí àti ọmọdé, Sie ni fún àgbà tàbí ẹni tó ò mọ̀ rí. Ẹ wá wò ó dáadáa, sie yẹn náà ni wọ́n fi ń pe "àwọn", lẹ́tà ńlá ló yà á sọ́tọ̀. Tí bàbá bá wọlé kí la máa ń sọ? Wọ́n ti dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá, síbẹ̀ wọ́n ti dé. Ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣì sọ títí dé ọdún kẹta, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti yé mi. Àmọ́ níbì kan tiwọn yàtọ̀ o, àgbà fúnra ẹ̀ lè ní kẹ́ ẹ máa sọ du síra yín. Nígbà tí mo lọ sí Jámánì ní ọdún kẹta, ìyá tí mo gba yàrá lọ́wọ́ wọn ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n ní kí n máa sọ du sáwọn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Sie ni mo ń sọ títí mo fi kó ẹrù mi, wọ́n sì gbà á fún mi bẹ́ẹ̀.

Apá ìtàn àti àṣà ni mo wá fẹ́ràn jù. Wọ́n kọ́ wa ní ti Hitler, wọ́n kọ́ wa ní ti ògiri Berlin tó pín ìlú náà sí méjì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 13 August 1961 tó sì ṣí ní 9 November 1989, ó yẹ kí wọ́n kọ́ wa. Àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n wa kan fi odindi sẹ́mẹ́sítà sọ ti Jámánì ní Áfíríkà, ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885 tí wọ́n ń ṣòfin bí wọ́n ṣe máa gba ilẹ̀ wa láìsí ọmọ Áfíríkà kankan níjókòó, àti Tógò tó wà lọ́wọ́ wọn títí di 1914. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé, tí èdè wọn bá tiwa tan, abẹ́ Jámánì ni wọ́n wà nígbà yẹn, àti pé ní Kamina, ìtòsí Atakpamé náà, ni wọ́n kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì gìrìwò sí tó ń bá Nauen lẹ́bàá Berlin sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní August 1914, àwọn Jámánì fúnra wọn ló bà á jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kan náà ló fún wa ní ojú ìwé bíi mélòó kan nínú ohun tí Leo Frobenius, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣèwádìí àṣà Áfíríkà, kọ lẹ́yìn tó dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí àwọn orí tí wọ́n fi amọ̀ àti idẹ ṣe, ó yìn wọ́n gan-an, ó wá ní kì í ṣe làákàyè àwọn baba ńlá wa ló bí i, ọ̀dọ̀ àwọn ará Atlantis, ilẹ̀ inú àlọ́ tí wọ́n ní òkun gbé mì, ló ti wá. Mo kà á ní èdè tó fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bá mi túmọ̀ ẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun alẹ́. Mo kọ ojú ìwé 12 lédè Jámánì láti fi dá a lóhùn, tí ẹ bá ní kí n mú nǹkan kan tí mo fi owó iléèwé rà jáde, ìwé yẹn ni màá nà sí yín.

Ọdún kẹta yẹn náà ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Bayreuth, torí mo gbọ́ pé Iwalewahaus, ilé iṣẹ́ ọnà àti àṣà Áfíríkà, wà níbẹ̀. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó bá wa gbé ní Ìbàdàn, Ẹdẹ àti Òṣogbo, ló dá a sílẹ̀ ní 1981. Mo dúró síwájú ilé náà nínú òtútù. Ìwà lẹwà, lára ilé ní Bavaria ní Jámánì! Omi bọ́ lójú mi.

Ó yá, ìràwọ̀ karùn-ún. Ẹ̀ka German ibi tí mo lọ kéré jù, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì àti tíṣà kan, nígbà tí ọ̀kan fẹ̀yìn tì wọn ò fi ẹnì kankan rọ́pò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fagi lé kíláàsì tí mo ti forúkọ sílẹ̀ fún torí a ò pé mẹ́wàá, ìmeèlì ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku ọjọ́ márùn-ún ká wọlé. Èyí tó dùn mí jù ni kíláàsì ìtumọ̀ ti ọdún kẹrin, torí ẹ̀ ni mo ṣe fara da gírámà gbogbo yẹn, wọ́n ní kí n lọ fi kíláàsì kan tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dípò ẹ̀. Owó kan náà ni mo san. Kì í ṣe tiwa nìkan o, ní 2023 ni West Virginia University dìbò pé káwọn dìgírì èdè ilẹ̀ òkèèrè wọn parí.

Torí náà kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nílẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń rán èèyàn lọ sí Jámánì, tí wọn ò bá rán yín lọ ẹ má lọ ibẹ̀. Ẹ má sì kà á lóun nìkan. Ní University of Rhode Island, láti 1987 ni wọ́n ti ń pa á pọ̀ mọ́ ẹnjiníà, ọdún márùn-ún, dìgírì méjì, ọ̀kan nínú ọdún yẹn Jámánì lẹ máa wà. Ká ní mo mọ̀ ni, ibẹ̀ ni mi ò bá lọ. Iṣẹ́ wà, BMW ń ṣe mọ́tò ní South Carolina, Mercedes ń ṣe tiẹ̀ ní Alabama, kọ̀ǹpútà àti Jámánì tí mo ní ló gbé mi dé ibi tí mo wà báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ náà ń kọ́ ọ, Goethe-Institut, ilé èdè àti àṣà Jámánì, sì ti wà l'Ékòó láti 1962.

Àwọn páálí aláwọ̀ mẹ́ta mi ṣì wà nínú ike bàtà, wọ́n ju 600 lọ. Ẹni tó bá máa bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tó sì sún mọ́ mi, kó wá gbà á, ẹ ṣáà má jẹ́ kómi kàn án, báírò ni mo fi kọ ọ́.