Ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́ja: omi dáa, ẹ̀wù ni kò dáa

Ẹ̀yin ará Kúbwà tí ẹ ń bèèrè bí ìrìn ọkọ̀ ojú omi Lọ́kọ́ja ṣe rí, èmi àti ìyá ọkọ mi ti lọ ní Sátidé. Ìròyìn rèé.

Màmá ló ni ìrìn náà. Ọmọ Kàbà ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ rí èbúté tí bàbá wọn máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà náà, ọkọ̀ ń gòkè láti Bùrútù nísàlẹ̀ odò, á gba Lọ́kọ́ja kọjá dé Bàrò, níbi tí rélùwéè Kánò ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1911 ni wọ́n parí ojú irin yẹn.

Báyìí, ọkọ̀ kéékèèké ló kù, tí ń kó èèyàn àti ewúrẹ́ sọdá. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ pè mí ní Hàjíà. Hàjíà kẹ̀, èmi tí mo wọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin! Ó pe 15,000 náírà, a ná an dé 8,000 fún àwa méjèèjì, àlọ àtàbọ̀. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, èyí tó nà sí Màmá, ìdè rẹ̀ ti kán, okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ ló fi dípò. Mo ní n kò wọkọ̀. Ó ráhùn títí kó tó lọ yá òmíràn wá, tó tutù, tó ń rùn ẹja.

Màmá ní, "Ìyàwó mi, òórùn ẹja ò pààyàn. Bá mi so ó."

Ṣùgbọ́n ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé! Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ọ̀kan pọ́n bí ògì bàbà, èkejì ṣú bí omi ewédú, wọ́n ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò tètè pò. Màmá ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, wọ́n ní kó sún ọkọ̀ díẹ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ èkejì. Wọ́n ní ọ̀kan tutù jù. Èmi ò mọ ìyàtọ̀, àmọ́ ta ló máa bá wọn jiyàn? Wọ́n nu ọwọ́ méjèèjì sí ojú, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi padà dé èbúté.

Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, etí omi ń yọ̀. Kí ẹ sì fa ìdè ẹ̀wù yẹn wò kí ẹ tó sanwó. Èmi ti sanwó tán kí n tó wò ó.