Mo fi oṣù mẹ́jọ dá kọ́ dátábéèsì kí n tó sanwó kíláàsì ní Lagere

Èmi ni mò ń kọ ìwé owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Excel bẹ̀rẹ̀ sí í dà wá láàmú, mo kó wa lọ sórí PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń tọ́jú dátábéèsì. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe ọmọ àná: Yunifásítì California ní Berkeley ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986.

Òru ni mo fi kọ́ ọ. Mo wo fídíò títí ó fi sú mi, àmọ́ ìwé ìtọ́sọ́nà tí àwọn tó ṣe PostgreSQL kọ fúnra wọn ni mo gbádùn jù. Ó ju 2,000 ojú ewé lọ. Mo gbà á sórí fóònù, mò ń kà á nínú kòrópè. Kó tó tó oṣù mẹ́ta, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ènìyàn rí àkáǹtì láìlè yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Mo ti mọ̀ pé kí n kọ BEGIN kí n tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni, tó bá jẹ́ pé mo ṣì í ṣe, ROLLBACK á gbà mí. Orí mi wú. Alága wa ló ní òun fẹ́ rí sátífíkéètì. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, n ò bá má ná kọ́bọ̀.

Kíláàsì tí mo rí ní Lagere jẹ́ Sátidé mẹ́fà, ₦60,000. Méjì àkọ́kọ́, owó náà dùn mí dé egungun. Olùkọ́ ń tan àwòrán sára ògiri, ó ń ka ohun tí mo ti kà nílé sí wa létí. Àwa mọ́kànlá, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ò ju méje lọ. Èmi àti ọmọ Great Ife kan la jọ ń lo ẹyọ kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù.

Sátidé kẹta, wọ́n mú iná lọ, inverter han gooro, ó sì kú. Gbogbo kọ̀ǹpútà kú tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, olùkọ́ ò jẹ́ ká sáré padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí kálukú ṣí fáìlì log, ibi tí PostgreSQL ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí. Mo rí ìlà kan níbẹ̀: "database system was not properly shut down; automatic recovery in progress", ìyẹn ni pé ó kú lójijì, ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. PostgreSQL máa ń kọ àyípadà sínú ohun tí wọ́n ń pè ní WAL ná, kó tó gbé e lọ sínú tébù. Òun ló ń kà padà bí nǹkan bá dá a dúró lójijì. Ohun tí a ti COMMIT, ìyẹn èyí tí a ti ní kó dúró, wà níbẹ̀ digbí. Èyí tí a ò tíì COMMIT ti bá iná lọ. Mo ti ka orí yẹn lẹ́ẹ̀mejì nílé o, àmọ́ laptop mi ní bátìrì, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Sátidé kẹrin ni mo jèrè owó mi. Olùkọ́ ní ká mú backup wa wá, ìyẹn ẹ̀dà dátábéèsì tí a fi pamọ́. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, àmọ́ ọ̀gá ni mò ń pè é. Mo ṣí fólódà mi fún un, tayọ̀tayọ̀.

"Àǹtí, ẹ ti dá a padà wò rí?"

"Kí ni màá dá padà, ọ̀gá? Tiwa ò bàjẹ́ rí."

"Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe tóbi tó."

0 KB. Èyí tó tẹ̀lé e, 0 KB. Fáìlì 47, òfìfo ni gbogbo wọn. Òógùn bò mí nínú fáànù.

Mo ti ní kí kọ̀ǹpútà máa fi pg_dump, irinṣẹ́ PostgreSQL fún ẹ̀dà ṣíṣe, ṣe ẹ̀dà ní aago méjì òru. pg_dump á wá pásíwọ̀ọ̀dù, kò ní rí i, á kọṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ àmì > tí mo fi darí rẹ̀ sínú fáìlì ti dá fáìlì náà sílẹ̀ kí pg_dump tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí fáìlì tuntun pẹ̀lú déètì lára, ọkàn mi sì balẹ̀. pgpass.conf, fáìlì tí pg_dump ti ń rí pásíwọ̀ọ̀dù, la fi tún un ṣe, kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wà nínú ìwé tí mò ń kà nínú kòrópè. Mo fò ó ni.

Kí ojú má bàa tì mí jù, olùkọ́ sọ ti GitLab fún wa, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ní 31 January 2017, òṣìṣẹ́ wọn kan pa dátà rẹ́ lórí server (kọ̀ǹpútà tó gbé dátábéèsì) tó yàtọ̀ sí èyí tó rò pé òun wà. Nínú nǹkan bí 300GB, 4.5GB ló ṣẹ́ kù. Wọ́n wá ẹ̀dà tí pg_dump ṣe, wọn ò bá a: pg_dump ti ẹ̀yà 9.2 ni wọ́n ń lò fún dátábéèsì ti ẹ̀yà 9.6, ó ń kọṣẹ́, lẹ́tà tó yẹ kó ta wọ́n lólobó ò sì wọlé. Ẹ̀dà tí òṣìṣẹ́ yẹn kan náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Èmi ará Parakin, àìsàn kan náà ló ṣe èmi àti GitLab.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, olùkọ́ ní kí n dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó pa dátábéèsì tí mo fi ń dánra wò rẹ́. "Àǹtí, ẹgbẹ́ fẹ́ pín owó ní aago méjì." Kí n tó dá a padà láti inú ẹ̀dà, ó gbà mí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A tún un ṣe títí ó fi di ìṣẹ́jú 18.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá tíì mọ SELECT, àṣẹ tí a fi ń béèrè dátà, ẹ má tíì gbówó lọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méjì sí mẹ́ta nílé á ṣe yín lóore. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa jẹ́ kẹ́ ẹ ba nǹkan jẹ́, kẹ́ ẹ sì tún un ṣe. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ sátífíkéètì ṣáá, ẹ máa bá tiyín lọ. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀, alága ò tíì béèrè rẹ̀.

Replication, bí a ṣe ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kejì máa gba ẹ̀dà dátábéèsì bó ṣe ń yí padà, ló yẹ ká fi Sátidé kẹfà kọ́. Olùkọ́ sáré kọjá lórí rẹ̀, ó ní òun á pè wá padà lọ́jọ́ mìíràn. A ṣì ń retí ìpè. Mo ti padà sídìí ìwé mi fún ìyẹn: laptop méjì ló wà lórí tábìlì pálọ̀ mi báyìí, ọ̀kan tèmi, ìkejì ti ọmọ Great Ife yẹn.