Díílà, Mẹkáníìkì Ìta tàbí Ọwọ́ Ara Ẹni: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Tó Ní Wáráńtì ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àbúrò ìyàwó mi nọ́ọ̀kì ní Houston, tí wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ díílà, ìyẹn ẹni tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fún láṣẹ láti máa ta ọkọ̀ rẹ̀, ọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ wa kò tilẹ̀ béèrè bí ariwo náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka nu inú rẹ̀. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn níka ki, ó sì dúdú bí ọṣẹ dúdú tí omi kàn. Ó wò wá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, rìsíìtì ọ́ìlì dà?” Wáráńtì ẹ́ńjìnì náà, ìyẹn ìlérí ilé iṣẹ́ pé òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá bàjẹ́, ṣì ku ohun tó ju ọdún kan lọ. Rìsíìtì ni kò sí, nítorí pé ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì náà, owó ọwọ́ la sì ń san fún un.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí pé kò sí ibi tí irú rẹ̀ kò ti lè ṣẹlẹ̀. Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé àwọn ènìyàn wa tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ a máa fi iye owó wé iye owó, wọn a fi ọdún wáráńtì wé ọdún wáráńtì, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ibi tí wọn yóò ti máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti irú ìwé tí ibẹ̀ yóò máa fi lé wọn lọ́wọ́. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi wéra.

Ohun tí òfin sọ

Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní òfin tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss Warranty Act. Òfin náà kò gba ilé iṣẹ́ ọkọ̀ láyè láti sọ pé àfi bí oníbàárà bá ṣe sáfíìsì lọ́dọ̀ díílà òun, tàbí bí ó bá lo ọ́ìlì àti fílítà tí orúkọ òun wà lára rẹ̀, ni wáráńtì yóò fi dúró, àyàfi tí ilé iṣẹ́ náà bá ń fún un ní nǹkan wọ̀nyí lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tí àjọ Federal Trade Commission, ìyẹn FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àjọ yìí kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ilé iṣẹ́ mẹ́fà lórí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ta ọkọ̀ sì wà lára ohun tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọdún 2022 ó gbé ìgbésẹ̀ lórí Harley-Davidson, tó ń ṣe alùpùpù, nítorí pé ìwé wáráńtì rẹ̀ ń jẹ́ kí oníbàárà gbà pé bí òun bá lo ẹ̀yà ara tí ẹlòmíràn ṣe, wáráńtì òun ti parẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni ní ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ bá sọ fún yín pé bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì míì pẹ́nrẹ́n, wáráńtì ti bàjẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kọ̀ láti tún ọkọ̀ ṣe, òun ló yẹ kó fi hàn pé ohun tí ẹ ṣe tàbí ohun tí ẹ kò ṣe ló fa ìbàjẹ́ náà. Bí rédíò bá kú, tí fèrèsé kò gòkè mọ́, kí ló kan ọ́ìlì níbẹ̀? Ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì, tí irú ìdọ̀tí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ó sì di dandan kí ẹ̀yin náà mú tiyín wá. Òfin kò sọ pé kí ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì, kò sì sọ pé kí ẹ̀rí má sí.

Ibi mẹ́ta, ìwé mẹ́ta

Ní ti díílà, àǹfààní tó ga jù níbẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn a máa wọ inú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá kó láti Houston lọ sí Maryland, díílà mìíràn tó ń ta irú ọkọ̀ kan náà lè rí i pé ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Kò sí ẹni tí yóò bá yín jiyàn lórí ọ́ìlì tí àwọn fúnra wọn dà sí i. Owó wọn a máa ga ju ti ìta lọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn lọ láìta nǹkan míì fún un: lónìí fílítà afẹ́fẹ́, lọ́la omi bíréèkì. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ tuntun bá ní sáfíìsì ọ̀fẹ́, bí Toyota ṣe ń fún àwọn tó ra ọkọ̀ tuntun ní ti ọdún 2 tàbí 25,000 máìlì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbé e lọ síbòmíràn láàárín àkókò yẹn. Ẹ ṣì gba ẹ̀dà ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan o. Akọ̀wé díílà náà a máa gbàgbé.

Mẹkáníìkì ìta ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn ilé ìpààrọ̀ ọ́ìlì kíákíá, níbi tí ènìyàn kì í ti í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a máa tẹ ìwé jáde fún gbogbo oníbàárà, púpọ̀ nínú wọn sì ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí CARFAX, ilé iṣẹ́ tó ń kó ìtàn ọkọ̀ jọ, níbi tí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú ti lè rí i. Àwọn kejì ni mẹkáníìkì tí a mọ̀ lójú, tó mọ ọkọ̀ wa bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè dára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, àmọ́ “a ti ṣe é, ẹ̀gbọ́n” kì í ṣe ẹ̀rí níwájú ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Kí ẹ tó yan mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀, ẹ bi í bóyá ó lè kọ ìwé iṣẹ́ tó ní ọjọ́, iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, ìyẹn VIN, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, irú ọ́ìlì àti bó ṣe pọ̀ tó, pẹ̀lú nọ́ńbà fílítà. Ìwé tí wọ́n kàn kọ “ọ́ìlì” sí, tí wọ́n sì fi iye owó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí pé kò sí ìwé rárá, nítorí pé kò sọ ọkọ̀ tí wọ́n da ọ́ìlì sí.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ra ọkọ̀ kì í rò. Bí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kò bá dè nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì dáadáa, tí ọ́ìlì sì jò tán lójú títì, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní san kọ́bọ̀, ó sì jàre. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì náà ni gbèsè yẹn wà. Ilé iṣẹ́ tó ní ìbánigbófò lè san án. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, bóyá ẹ̀bẹ̀ nìkan ló ní.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, òfin kò dí i lọ́wọ́. Òun ló ń náwó kéré jù, òun náà ló sì ní láti kó ẹ̀rí jọ jù. Kí ó ní rìsíìtì ọ́ìlì àti fílítà tí ọjọ́ wọn bá iṣẹ́ náà mu, kí ó ní ìwé kékeré tó ń kọ ọjọ́ àti máìlì sí, kí ó sì ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú agolo ọ́ìlì lọ́jọ́ tó ṣe é. Rìsíìtì tí ẹ̀rọ fi ooru tẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa parẹ́ bó bá pẹ́ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Fóònù ni kí ẹ tọ́jú àwòrán rẹ̀ sí. Ọ́ìlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bí ìwé bá sọ 0W-20, èyí tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, kí àmì API, àjọ tó ń fọwọ́ sí ọ́ìlì, tó wà lẹ́yìn agolo náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún wáráńtì, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀

Tí a bá wo ẹ́ńjìnì àti gíà nìkan, Toyota àti Honda ń fún oníbàárà ní ọdún 5 tàbí 60,000 máìlì, nígbà tí Hyundai àti Kia ń fún un ní ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì. Lójú ẹni tó ń kánjú, ìdíje ti parí. Ṣùgbọ́n ọdún 10 yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ló ni ín. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ yóò padà sí ọdún 5 tàbí 60,000, àyàfi tó bá rà á lọ́wọ́ díílà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ àlòkù tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí. Ti Toyota ń bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó tún rà á. Ìwé Hyundai sì yọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òwò, bíi takisí àti ìfijíṣẹ́ ẹrù, kúrò nínú ọdún 10 náà. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ Uber tàbí tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ ka ojú ìwé yẹn kí ó tó fọwọ́ sí i.

Irú iṣẹ́ yìí náà ló kó bá àbúrò ìyàwó mi. Ìwé ọkọ̀ a máa ní ìlànà méjì fún ọ́ìlì: ti ìlò jẹ́jẹ́ àti ti ìlò líle. Ní ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo 0W-20, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 10,000 máìlì tàbí oṣù 12, ti èkejì sì jẹ́ 5,000 máìlì tàbí oṣù 6, fún ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà eléruku, tó ń fa ẹrù, tàbí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lójú kan náà bíi takisí. Ọkọ̀ tirẹ̀ kì í ṣe Toyota, àmọ́ ìlànà méjì wà nínú ìwé tirẹ̀ náà. Ó tẹ̀ lé èyí tó gùn, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo alẹ́ ló fi ń dúró de èrò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orúkọ ńlá nìkan tó láti gbára lé. Àwọn Camry tí a ń pè ní Pencil light nílé, àti Sienna ìgbà náà, wà lára ọkọ̀ Toyota àti Lexus tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.3, tí ọ́ìlì lè dì nínú ẹ́ńjìnì wọn. Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó ni ọkọ̀, ó ní wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì. Ní ọdún 2002 ó gbà láti tún wọn ṣe títí di ọdún 8 láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tà wọ́n, láìka iye máìlì sí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń béèrè ẹ̀rí pé oníbàárà ti ń tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ní ìwé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rọrùn fún.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí ẹ tó dúnàádúrà, torí pé àìsí ìwé tirẹ̀ lè di ẹjọ́ yín. Wáráńtì àfikún tí àwọn ilé iṣẹ́ ìta ń fi tẹlifóònù polówó ńkọ́? Àdéhùn iṣẹ́ ni, kì í ṣe wáráńtì. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú àdéhùn náà nípa rìsíìtì ni wọn yóò dì mú, ó sì sábà máa ń le ju ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lọ. Èmi kì í rà á. Ẹni tó bá sì ń ra ọkọ̀ láti fi ránṣẹ́ sílé kó má san owó kún un nítorí wáráńtì: ti Toyota Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, wà fún ọkọ̀ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kò bá ọkọ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi.

Bí wọ́n bá kọ̀

Àwa kò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ṣọ́ọ̀bù tí mẹkáníìkì wa ti ń ra ọ́ìlì fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wá àwọn rìsíìtì àtijọ́ jáde nínú kọ̀ǹpútà wọn, ọjọ́ mẹ́rin nínú wọn sì bá ọjọ́ tí a gbé ọkọ̀ lọ mu. Lórí ìyẹn, ilé iṣẹ́ náà san ìdajì owó ẹ́ńjìnì, ó ní inú rere lásán ni. Ẹnìkan gbà wá nímọ̀ràn pé kí mẹkáníìkì náà kọ ìwé tuntun, kí ó fi ọjọ́ àtijọ́ sí i. A kò gbà, nítorí pé ayédèrú ìwé kan tó bá tú sí wọn lọ́wọ́ yóò ba èyí tó jẹ́ òótọ́ jẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ sínú ìwé, kí ìwé náà sì sọ apá tó bàjẹ́ àti bí ọ́ìlì ṣe fà á. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá díílà lọ bá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ gan-an. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan wà nínú ètò ìlàjà BBB AUTO LINE, tí kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kóòtù kékeré, tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò pọ̀, sì wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Bí ẹ bá borí lábẹ́ òfin 1975 náà, kóòtù lè pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ san owó agbẹjọ́rò yín, ìdí nìyẹn tí àwọn agbẹjọ́rò kan fi ń gba irú ẹjọ́ yìí láìkọ́kọ́ gba owó. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí díílà náà tó tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bu díẹ̀ nínú ọ́ìlì náà sínú ìgò fún yín, kí wọ́n má sì da fílítà rẹ̀ nù.