Awò Òru fún Ọdẹ Kóyóòtì: Ohun Tí Mo Rí Lára Pulsar Thermion 2 XP50 Pro

Ewúrẹ́ là ń sìn lóko wa nítòsí Hempstead, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú Houston ní Texas, ọ̀tá tó sì ń bá wa fínra jù lọ ni kóyóòtì, ẹranko kan tó jọ ajáko, tó máa ń yọ́ wọlé lóru, pàápàá nígbà tí àwọn ewúrẹ́ bá ń bímọ. Òfin ìpínlẹ̀ yìí kò fi àkókò kankan de ọdẹ rẹ̀, ẹni tí kóyóòtì bá sì ń pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ọdẹ kó tó lè gbèjà wọn. Ojú ló kù: kí ni èèyàn máa fi ríran jìnnà nínú òkùnkùn, tí yóò sì dá ohun tó rí mọ̀ kó tó yìnbọn?

Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ta awò àkọ́kọ́ fún mi ni mo gbọ́kàn lé. Ó ní màá rí ẹran ní máìlì kan gbáko. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí 300 mítà sí ibi tí mo jókòó sí, mo rí ohun funfun kan nínú awò náà, tó ń rìn lẹ́bàá wáyà ọgbà. Mo ti múra tán láti yìn ín nígbà tó fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí, tí mo sì rí ìrù rẹ̀ tó ká sókè sórí ẹ̀yìn. Kóyóòtì kì í ká ìrù bẹ́ẹ̀. Ajá ńlá tí aládùúgbò wa fi ń ṣọ́ àgùntàn ni. Àyà mi já, mo gbé ìbọn sílẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó lè dìde níbẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fara balẹ̀ yẹ iye ìjìnnà tó wà lára páálí awò wò. Ti Thermion 2 XP50 Pro tí mo ń lò báyìí, tí ilé iṣẹ́ Pulsar ṣe, jẹ́ 1,800 mítà. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó yẹ kí olùrà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ooru ara ni awò yìí fi ń ríran, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń gba ooru náà, sì ń pín àwòrán sí àmì tíntìntín tí à ń pè ní píksẹ́lì, 640 níbùú àti 480 lóròó. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírọ́nù 17 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́nù ló wà nínú mìlímítà kan), lẹ́ńsì iwájú sì jẹ́ ti 50 mìlímítà. Bí a bá fi èyí ṣírò, píksẹ́lì kan yóò bo nǹkan bí 61 sẹ̀ǹtímítà ní 1,800 mítà, tó fi jẹ́ pé èèyàn tó ga tó mítà 1.8 kò ní ju píksẹ́lì mẹ́ta lọ lóròó, kóyóòtì á sì di ẹyọ kan tàbí méjì, láìsí orí, láìsí ìrù. Gbogbo ohun tí ọdẹ lè mọ̀ níbẹ̀ ni pé nǹkan gbígbóná kan wà. Ní 300 mítà, ara kóyóòtì tó gùn tó mítà kan á gba bíi píksẹ́lì mẹ́wàá. Ní 150 mítà, á gba ogún, nígbà náà ni etí ṣóńṣó, ìrù tó rọ̀ sílẹ̀ àti ìrìn rẹ̀ á tó hàn. Bí a bá fa àwòrán náà sún mọ́ra dé ìlọ́po 16, píksẹ́lì kan náà ló kàn ń tóbi sí i. Ìdí rèé tí mi ò fi ń yìnbọn kọjá 200 mítà lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọta ìbọn mi lè pa ẹran jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Láàárín ìjìnnà yẹn, mi ò tíì rí awò tó tẹ́ mi lọ́rùn bíi rẹ̀. Ní òru òtútù tí ojú ọ̀run mọ́, mo máa ń rí ehoro tó lúgọ sínú koríko, mo sì ń rí àpá ooru tí ewúrẹ́ fi sílẹ̀ níbi tó ti dìde. Owó rẹ̀ pọ̀, ó tó owó ọkọ̀ àlòkù tó ṣì dára. Kò sì sí awò olóoru kankan tí ọ̀rinrin kì í bá jà: bí kùrukùru bá gòkè láti odò Brazos, àwòrán á ṣú. Èèyàn kì í sì í lè fi ojú mọ bí nǹkan ti jìnnà tó nínú àwòrán ooru, nítorí náà ẹ wá owó ẹ̀rọ tó ń wọn ìjìnnà mọ́ ọn. Ẹ tún ra awò olóoru kékeré tí a ń fọwọ́ mú, kí ẹ máa fi ìyẹn wo àyíká. Ẹni tó bá ń fi awò orí ìbọn wá ẹran kiri ń na ẹnu ìbọn sí ohun tí kò tíì mọ̀, ó sì lè jẹ́ èèyàn.

Awò dígítà tó ń lo iná tí ojú lásán kì í rí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ohun kan tí ti ooru kò ní: ó ń jẹ́ kí ojú ẹran máa tàn, gẹ́gẹ́ bí àtùpà tí àwọn ọdẹ nílé ń dè mọ́rí ti ń ṣe, tí wọ́n fi ń mọ irú ẹran láti ara ojú rẹ̀. Iná 850 nánómítà (ohun tí a fi ń wọn ìgbì iná ni nánómítà) ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n pípọ́n díẹ̀ máa ń hàn lójú gílóòbù rẹ̀. Ti 940 kì í hàn, kì í sì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó XP50, ìmọ̀ràn mi ni pé kó wá awò olóoru tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ní píksẹ́lì 384 níbùú, tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ máíkírọ́nù 12, pẹ̀lú lẹ́ńsì 35 mìlímítà. Ìṣirò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tèmi dọ́gba délẹ̀: ohun tí píksẹ́lì kan bo kò yàtọ̀. Ibi tí ojú ká ló dín kù, nǹkan bí mítà 13 níbùú ní 100 mítà, nígbà tí tèmi jẹ́ bíi 22.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe di irú awò yìí sínú ẹrù nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Nàìjíríà, ì báà jẹ́ ẹ̀bùn fún bàbá yín tó jẹ́ ọdẹ. Òfin Amẹ́ríkà ka ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ohun tí a kò gbọ́dọ̀ mú jáde láìgba ìwé àṣẹ.