Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Dé Ẹnu Ọ̀nà Ọkọ̀ Òkun: Ìfiwéra Owó Ọ̀nà Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Southampton, Dover àti Tilbury

Iye tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ń kọ sínú ìpolówó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Ohun tí ẹ máa san láti Peckham, Thamesmead, Dagenham tàbí Grays kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà náà, àti èyí tí ẹ máa san láti padà sílé, ọrùn ẹ̀yin fúnra yín ló wà. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta ṣọ́ ẹ̀dínwó £80 lórí yàrá inú ọkọ̀, tí wọ́n sì rí i gbà. Ṣùgbọ́n wọn kò ronú kan ọ̀nà títí di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan sì gba ju ìlọ́po méjì ẹ̀dínwó náà lọ́wọ́ wọn. Nítorí irú wọn ni mo ṣe fi àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wé ara wọn, kí ẹni tó fẹ́ ra ìrìnàjò lè mọ àpapọ̀ owó rẹ̀ kí ó tó san ohunkóhun sílẹ̀.

Ohun tó ya àwọn ọ̀nà náà sọ́tọ̀ síra wọn jù lọ ni bí oníkálukú wọn ṣe ń ka owó. Rélùwéè àti bọ́ọ̀sì ń ka orí ènìyàn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ń ka alẹ́. Takisí ń ka ọkọ̀, kò béèrè iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀ tàbí iye ọjọ́ tí wọ́n máa lò lójú òkun. Ẹni tó bá ti mọ iye ènìyàn tó ń lọ àti iye alẹ́ tí wọ́n máa lò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tó máa dín owó kù fún un, kó tilẹ̀ tó ṣí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jẹ́ kí á mú tọkọtaya kan láti Peckham, tí wọ́n ń lọ fún alẹ́ 14 láti Southampton, èyí tó tó nǹkan bí máìlì 80 sí wọn. Ká fi sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọbọ̀ rélùwéè láti ibùdókọ̀ Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £60 fún ẹnì kan, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́bàá èbúté sì jẹ́ £15 fún alẹ́ kan. Àpẹẹrẹ ìṣirò ni àwọn iye méjèèjì yìí o. Iye tí ẹ bá bá lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Bí tọkọtaya náà bá ra káàdì Two Together Railcard ní £35, ó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó tíkẹ́ẹ̀tì kúrò fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jọ rìn pọ̀ tí wọn kò sì wọkọ̀ ṣáájú aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì di £80, káàdì £35, takisí láti ibùdókọ̀ dé èbúté lálọ lábọ̀ ká pè é ní £20: gbogbo rẹ̀ jẹ́ £135. Tí wọ́n bá gbé mọ́tò, ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ti di £210. Epo kọ́ ni mọ́tò sì ń jẹ nìkan. Táyà ń jẹ, ìtọ́jú ń jẹ, iye tí mọ́tò fúnra rẹ̀ tó ń wálẹ̀. Mo máa ń lo ìwọ̀n 45p fún máìlì kan, èyí tí iléeṣẹ́ owó orí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HMRC, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011 fún òṣìṣẹ́ tó ń fi mọ́tò ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Máìlì 160 lálọ lábọ̀ wá jẹ́ £72, àpapọ̀ sì di £282. Rélùwéè borí, kò sì jọra wọn rárá.

Ẹ wá mú bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta tí wọn kò tíì pé ọdún 16, tí wọ́n ń lọ fún alẹ́ 7 péré. Mọ́tò ní tiwọn jẹ́ £105 fún ibi ìgbọ́kọ̀sí àti £72 fún ojú ọ̀nà, ìyẹn £177. Rélùwéè láìsí káàdì jẹ́ £120 fún àgbà méjì àti £90 fún ọmọ mẹ́ta, nítorí ìdajì ni ọmọ ọdún 5 sí 15 ń san. Takisí ńlá tó lè gba ènìyàn márùn-ún àti ẹrù wọn ní Southampton ká pè é ní £40, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ £250. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní Family & Friends Railcard, tí òun náà jẹ́ £35, àgbà máa yọ ìdá kan nínú mẹ́ta, ọmọ sì máa yọ 60% nínú owó ọmọdé: £80 àti £36, pẹ̀lú owó káàdì àti takisí, gbogbo rẹ̀ di £191. Bí káàdì náà bá ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ó já sí £156, rélùwéè sì tún borí. Níbí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró rò ó dáadáa, nítorí ọ̀nà láti ilé dé Waterloo kò sí nínú ìṣirò náà. Tọkọtaya kan ṣoṣo lè wọ bọ́ọ̀sì lówó pọ́ọ́kú. Ènìyàn márùn-ún pẹ̀lú àpótí márùn-ún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn, takisí wọn sínú ìlú lálọ lábọ̀ sì lè gbé owó náà padà sókè kọjá ti mọ́tò. Fún ìdílé bí èyí, fún ọ̀sẹ̀ kan, mọ́tò ni mo máa yàn. Bí ìrìnàjò náà bá di alẹ́ 14, £105 mìíràn ti gun owó mọ́tò, ìpinnu mi á yí padà.

Àwọn tó ń gbé mọ́tò àtijọ́ kò gbọdọ̀ gbàgbé ULEZ, àgbègbè tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń tú èéfín jù, tó ti gba gbogbo àgbègbè ìṣàkóso Lọ́ńdọ̀nù kan láti oṣù kẹjọ ọdún 2023. £12.50 ni lójúmọ́ fún ọkọ̀ tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, pàápàá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oní-díísù tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2015, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ wọlé jẹ́ £25. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní Southampton kò sí nínú ULEZ, ẹ kò ní san án fún àwọn ọjọ́ tí ẹ wà lójú òkun.

Lórí ibi ìgbọ́kọ̀sí fúnra rẹ̀, ẹ má kàn ra èyí tó rọjú jù lọ. Èbúté márùn-ún ni àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń lò ní Southampton: Ocean àti Queen Elizabeth II wà ní apá ìlà oòrùn, City, Mayflower àti Horizon tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 sì wà ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó sún mọ́ ọ̀kan lè jìnnà sí èkejì. Àwọn kan ń gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà èbúté, wọn a sì gbé e lọ síbi tí ẹ kò rí. Ẹ béèrè ibi tí ó máa sùn, ẹ ya àwòrán mọ́tò náà yíká pẹ̀lú iye máìlì tó wà lójú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ibẹ̀ ní àmì Park Mark, tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ ààbò rẹ̀ wò. Bákan náà, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan máa ń fi ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí bọ́ọ̀sì kún irú iye kan tó wọ́n díẹ̀ ju èyí tó rọjú jù lọ. Àkókò tí ẹ fẹ́ ra yàrá gan-an ló yẹ kí ẹ fi ìyàtọ̀ iye méjèèjì wé owó tí ìgbọ́kọ̀sí máa ná yín, nítorí lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á tán, ó ṣòro láti yí i padà.

Bọ́ọ̀sì National Express láti Victoria Coach Station sábà máa ń rọjú ju rélùwéè lọ fún ẹni tó tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ibi tó ń dúró sí ní Harbour Parade kò sì jìnnà sí èbúté apá ìwọ̀ oòrùn. Àmọ́ nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ni ó ń lò bí ojú ọ̀nà M3 bá já geere, rélùwéè sì ń lò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Àpótí kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ. Ẹni tó di agbádá, ìró àti gèlè fún alẹ́ ìmúra inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọn ẹrù rẹ̀ nílé. Fún ẹnì kan ṣoṣo tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, bọ́ọ̀sì ni mo fọwọ́ sí.

Takisí láti ilé dé èbúté dà bí owó gọbọi ní àkọ́gbọ́, ṣùgbọ́n fún àgbà mẹ́rin tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí orúnkún ń dun méjì nínú wọn, ẹ pín in sí mẹ́rin kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n. Ẹ gba iye àlọ àti iye àbọ̀ lákọsílẹ̀, pẹ̀lú iye tí wọ́n máa gbà bí ọkọ̀ òkun bá pẹ́ wọlé. Yíyá mọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹ sì dá a padà sí Southampton náà wà, kò sì ní owó ìgbọ́kọ̀sí. Ohun tó máa ń ba á jẹ́ ni àfikún owó tí wọ́n ń gbà fún dídá ọkọ̀ padà sí ìlú mìíràn, àti ọ́fíìsì tí kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

Títí dé ibí yìí, Southampton ni mo ń sọ, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ pọ̀ sí jù. Orúkọ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa: ọkọ̀ Aureol ti iléeṣẹ́ Elder Dempster, tó ń gbé èrò láàárín Liverpool àti Èkó, bọ́ sí Southampton lọ́dún 1972, ibẹ̀ ló sì ti ń ná ọ̀nà náà títí tó fi kógbá sílé lọ́dún 1974. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Dagenham, Barking tàbí Grays gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo Tilbury. Rélùwéè c2c láti Fenchurch Street dé Tilbury Town kò ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ, takisí kékeré ló sì kù dé èbúté. Láti Grays, ọmọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ kan lè fi mọ́tò gbé yín débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí yàrá kan náà bá fi £60 wọ́n ju ti Southampton lọ fún ẹnì kan, ó ṣì lè jẹ́ òun ló rọjú, nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kúrò nínú ìṣirò. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ gbéra kò pọ̀.

Dover sún mọ́ ará Thamesmead, Abbey Wood àti Woolwich nítorí ọ̀nà A2. Rélùwéè tó ń sáré láti St Pancras ń dé Dover Priory láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ó lé díẹ̀, ó sì wọ́n ju èyí tó ń ti Victoria tàbí Charing Cross lọ, tó ń lò tó wákàtí méjì. Ẹni tó bá ní ọjọ́ gbogbo níwájú kò nídìí láti san àfikún yẹn. Ará Essex tó bá gbé mọ́tò lọ sí Dover máa san £3.50 níbi ìsọdá odò Thames ní Dartford, lálọ àti lábọ̀, àfi bó bá kọjá láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀. Kì í sì í ṣe ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbà á, ẹ lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì san án kí aago méjìlá òru ọjọ́ kejì tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn máa tẹ̀lé e.

Ṣé kí á lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú ni, àbí lọ́jọ́ náà gan-an? Ní Tilbury, fún ará Grays, ẹ sùn sílé yín. Ní Southampton, mo máa ń gba ẹni tó ń lọ lọ́jọ́ Àìkú níyànjú pé kó kọ́kọ́ wo ìkànnì National Rail, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á sì fi rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹni tó há sínú bọ́ọ̀sì. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan ń ta alẹ́ kan pọ̀ mọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí fún gbogbo ọjọ́ ìrìnàjò. Fún alẹ́ 14, irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó ìgbọ́kọ̀sí nìkan, oorun yín á sì di èrè. Ẹ ṣọ́ra fún oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àfihàn ọkọ̀ ojú omi ńlá máa ń wáyé nílùú náà, tí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sì máa ń wọ́n.

Ìwé ìbánigbófò tó ní ìpín fún ẹni tí ọkọ̀ òkun fi sílẹ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ tètè kúrò nílé àti pé ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí èbúté ló bàjẹ́ tàbí tó pẹ́.

Àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣírò. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè Advance, tó máa ń jáde ní bí ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú, rọjú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dè yín mọ́. Lálọ, ó dára. Lábọ̀, ẹ kò lè mọ wákàtí tí wọ́n máa pè yín sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí mi àti ọkọ rẹ̀ ra Advance aago mẹ́jọ ààbọ̀ fún àbọ̀ wọn; kùrukùru mú ọkọ̀ náà pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì tún tíkẹ́ẹ̀tì rà ní iye ọjọ́ náà, tó ju gbogbo ohun tí wọ́n rò pé àwọn ti tọ́jú lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọbọ̀ Off-Peak, ti àsìkò tí èrò kò pọ̀, tó sábà máa ń gbà yín láàyè láti padà láàárín oṣù kan, ni mo máa ń rà fún ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń ti Èkó bọ̀ wá bá a lọ gbọ́dọ̀ wo pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n máa balẹ̀ sí kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Láti Heathrow, bọ́ọ̀sì National Express ń lọ tààrà sí Southampton. Láti Gatwick, tí Air Peace ti ń balẹ̀ sí láti Èkó láti oṣù kẹta ọdún 2024, rélùwéè Southern ń lọ tààrà sí Southampton Central láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, tí kò sí pé à ń gbé àpótí gun àtẹ̀gùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ fi ó kéré tán alẹ́ kan sí àárín ọjọ́ tí wọ́n balẹ̀ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun máa gbéra, kí ẹ sì kọ owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ náà sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.